Kí nǹkan oṣù tó dé: èwo nínú àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí ló ń ṣiṣẹ́, èwo ni wọ́n kàn ń tà fún wa?

Ìnira tó máa ń ṣáájú nǹkan oṣù ní ìwà kan tó jẹ́ kó rọrùn láti ta ohunkóhun fún ẹni tó ń ṣe: ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ọyàn tó ń dunni, ikùn tó wú, ìkanra tí kò nídìí, ẹkún tó kàn ń bọ́, gbogbo rẹ̀ á máa le sí i lójoojúmọ́. Bí nǹkan oṣù bá wá dé, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara á rọlẹ̀ wẹ́ẹ́. Ohun yòówù tí obìnrin náà bá lò ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ì báà jẹ́ tíì, ì báà jẹ́ hóró fítámínì, ì báà jẹ́ òróró tí wọ́n ní kó fi pa ikùn, òun ni yóò gba ìyìn. Lóṣù tó ń bọ̀, yóò tún rà á.

Ọjà yìí ti wá gbilẹ̀ gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ óò rí ẹni tó ń polówó suwíìtì oní-fítámínì, ẹlòmíràn á gbé ìyẹ̀fun gbòǹgbò igi jáde, òmíràn á ní tíì òun máa ń "mú họ́mónù bọ̀ sípò". Mi ò ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ní ìwádìí lẹ́yìn. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tí ẹ̀rí rẹ̀ dára ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, kò sì wọ́n. Àmọ́ kò sí bí a ṣe lè ya èyí tó dára sọ́tọ̀ láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gan-an.

Kí ló ń fà á?

Lọ́dún 1931, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Robert Frank, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí ara wọn kì í balẹ̀ rárá bí nǹkan oṣù wọn bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọdún 1953 ni dókítà méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Katharina Dalton àti Raymond Greene, fi orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí dòní, premenstrual syndrome, sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, British Medical Journal. PMS ni ọ̀pọ̀ ń gé e kúrú sí. Dalton gbà pé progesterone, ọ̀kan lára àwọn họ́mónù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń darí iṣẹ́ rẹ̀, ló ń dín kù jù lára àwọn obìnrin wọ̀nyí, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún fún wọn ní progesterone. Obìnrin náà ṣe bẹbẹ, torí òun ló jẹ́ kí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn aláìsàn gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn wá fi progesterone náà wé oògùn òfìfo, ìyẹn hóró tó jọ oògùn lójú tí kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju òfìfo lọ.

Bí oṣù obìnrin ṣe ń yí nìyí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí nǹkan oṣù tó dé, ẹyin kan á jáde láti ilé ẹyin. Lẹ́yìn ìyẹn ni progesterone á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí oyún kò bá dúró, progesterone àti ẹ́sítírójìn, họ́mónù obìnrin kejì, á jọ já wálẹ̀, nǹkan oṣù á sì dé. Inú ọ̀sẹ̀ méjì yìí ni gbogbo wàhálà náà wà, èyí tó sì máa ń le jù ni ọjọ́ bíi márùn-ún tó kẹ́yìn. Ibi tí ẹyin kò bá ti jáde, kò sí PMS níbẹ̀: ọmọdébìnrin tí kò tíì bàlágà kì í ní in, aláboyún kì í ní in, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró pátápátá náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dà bíi pé họ́mónù tó pọ̀ jù tàbí tó kéré jù ló ń fà á, àbí? Ohun tí gbogbo ayé rò nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tí Peter Schmidt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ọpọlọ ti ìjọba Amẹ́ríkà ṣe, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1998. Wọ́n fi oògùn dá iṣẹ́ ilé ẹyin dúró fún àwọn obìnrin tí PMS wọn le. Ìnira náà lọ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá họ́mónù padà fún wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ṣe ohun kan náà fún àwọn obìnrin mìíràn tí kò ní PMS rí. Họ́mónù kan náà, ìwọ̀n kan náà. Àwọn tó ní PMS tẹ́lẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ara wọn kò balẹ̀ mọ́. Àwọn yòókù kò mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ìwádìí yẹn ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ohun "tó ń mú họ́mónù bọ̀ sípò" kọ́kọ́ mọ̀. Họ́mónù ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí wà nípò. Ọpọlọ wọn ló ń gba ìyípadà rẹ̀ sí lọ́nà tó yàtọ̀. Ọpọlọ a máa sọ progesterone di èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní allopregnanolone, tó máa ń mú kí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn balẹ̀, àmọ́ tó jọ pé ńṣe ló ń kó ìdààmú bá àwọn kan. Serotonin náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn èròjà inú ọpọlọ tó ń ṣàkóso bí inú ènìyàn ṣe ń dùn àti bí oorun ṣe ń wá. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti fi wá PMS, ó ṣeé ṣe kí èsì rẹ̀ mọ́ lóló. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan tó lè sọ pé ẹ ní in tàbí pé ẹ kò ní in.

Ìwé àkọsílẹ̀ ló ń ṣáájú oògùn

Bí kò bá sí àyẹ̀wò, báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀? Nípa kíkọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ó kéré tán oṣù méjì ni. Bó ti wù kó jọ ohun kékeré tó, òun gan-an ni mo kà sí apá tó wúlò jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń ṣe ènìyàn láti oṣù dé oṣù lè le sí i kí nǹkan oṣù tó dé. Ẹ̀fọ́rí túúlu lè ṣe bẹ́ẹ̀, ikọ́ fée lè ṣe bẹ́ẹ̀, kódà wárápá. Àìtó ẹ̀jẹ̀ máa ń mú kó rẹni, ìṣòro tó bá jẹ mọ́ thyroid, ẹ̀yà ara kékeré ọrùn tó ń ṣe họ́mónù, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pe gbogbo wọn ní PMS lè fi ọdún gbáko mu tíì nígbà tó jẹ́ pé àìsàn mìíràn tó nítọ̀ọ́jú ni ó ń gbé kiri.

Àmì tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìparí nǹkan oṣù. PMS kì í sí níbẹ̀. Bí ẹ bá yẹ ìwé àkọsílẹ̀ yín wò tí ọ̀sẹ̀ yẹn mọ́, tí ìnira wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àárín oṣù, tó sì lọ nígbà tí nǹkan oṣù dé, tó tún rí bẹ́ẹ̀ lóṣù kejì, ọ̀rọ̀ ti yé wa. Bí ìnira bá wà nínú ọ̀sẹ̀ yẹn pẹ̀lú, nǹkan mìíràn wà nílẹ̀, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú PMS. Ìwé ìbéèrè kan wà tí àwọn dókítà ń lò fún èyí, Daily Record of Severity of Problems, tí ènìyàn á fi nọ́ńbà láti 1 dé 6 sí iwájú ìnira kọ̀ọ̀kan lálaalẹ́. Ìwé àjákọ lásán pẹ̀lú bírò náà tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Iyè inú a máa purọ́: bí inú bá ti bí ènìyàn lọ́jọ́ méjì kí nǹkan oṣù tó dé, ọjọ́ méjì yẹn ni yóò máa rántí, yóò sì gbàgbé pé òun bá ẹnì kan jà ní àárín oṣù náà.

Ìwé yìí kan náà ni yóò sọ fún yín lẹ́yìn náà bóyá ohun tí ẹ ń lò ń ṣe nǹkan kan.

Calcium, tí kò sẹ́ni tó ń polówó rẹ̀

Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè rà láìgba ìwé dókítà, calcium, èròjà oúnjẹ tó ń mú egungun le, ni ẹ̀rí rẹ̀ dúró jù lójú mi. Lọ́dún 1998 bákan náà, Susan Thys-Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìdánwò kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti ṣe ìṣirò ti obìnrin 466. Àwọn kan ń gba calcium 1,200 mílígíráàmù lóòjọ́, àwọn yòókù ń gba òfìfo, wọn kò sì mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ìnira àwọn tó ń lo calcium ti fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Èyí kan ìbànújẹ́ àti ìkanra, ó kan ara wíwú, ó kan ìrora, ó sì kan oúnjẹ tí ọkàn máa ń fà sí ṣáá.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àwọn tó gba òfìfo náà fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbádùn sí i. Hóró tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀! Nọ́ńbà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ní "mo lò ó, ó sì ṣiṣẹ́ fún mi". Kì í ṣe pé ó ń parọ́. Ara rẹ̀ rọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí ohun kan kò bá ti ṣe ju òfìfo lọ nígbà tí wọ́n gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ìrètí ni ènìyàn ń san owó fún. Calcium ju òfìfo lọ, a sì mọ iye tó fi jù ú.

Ohun mìíràn tó wà nínú ìdánwò náà ni pé oṣù àkọ́kọ́ kò fi ìyàtọ̀ gidi hàn. Oṣù kejì ni ìyàtọ̀ bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹta ló wá hàn dáadáa. Ẹni tó bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì tó sì jù ú sọ nù kò tíì dán an wò.

Oúnjẹ náà wà ńbẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2005, èyí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn tí oúnjẹ wọn ní calcium àti fítámínì D púpọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní PMS bí àwọn tí tiwọn kéré. Irú ìwádìí yìí kò lè fi dá wa lójú pé oúnjẹ náà ló fà á, nítorí ẹni tó ń jẹun dáadáa sábà máa ń tọ́jú ara rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà láàárín ọmọ ọdún 19 sí 50 nílò calcium tó tó 1,000 mílígíráàmù lóòjọ́ fún egungun rẹ̀ bó ti wù kó rí. Ife wàrà kan ní nǹkan bí 300. Àwọn ewébẹ̀ kan ní in, ẹja kékeré tí a ń jẹ teegun-teegun ní in. Ohun tí oúnjẹ kò bá kó tó ni kí hóró dí.

Ara kì í lè gba ju nǹkan bí 500 mílígíráàmù lọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó sàn kí a pín in sí méjì. Irú tí wọ́n ń pè ní calcium carbonate ń fẹ́ oúnjẹ nínú ikùn. Kò gbọdọ̀ bá oògùn thyroid, hóró irin tàbí àwọn oògùn apakòkòrò kan wọ ikùn lásìkò kan náà, torí yóò dí wọn lọ́wọ́. Ẹni tí òkúta ti ṣe nínú kíndìnrín rí gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Ó sì máa ń mú kí ìgbẹ́ le fún àwọn kan.

Àwọn yòókù lórí àtẹ

Fítámínì B6 ni ọ̀pọ̀ máa ń dárúkọ ṣìkejì. Lọ́dún 1999, àwọn olùṣèwádìí kó ìdánwò mẹ́sàn-án jọ, obìnrin 940 ló wà nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó jọ pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ bí kò bá ju 100 mílígíráàmù lọ lóòjọ́. Wọ́n fúnra wọn sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn ìdánwò náà kò dára tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ B6 ti wá gbóná láìpẹ́ yìí ni ti ewu rẹ̀. Bí a bá ń lo púpọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa kú, wọ́n á máa ta ènìyàn bí abẹ́rẹ́. Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà má kọjá 100 mílígíráàmù lóòjọ́. Ní ọdún 2023, àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù fa òdiwọ̀n tiwọn wálẹ̀ sí 12 péré. Ẹ rí i bí àlàfo náà ṣe pọ̀ tó. Wọ́n tún máa ń dọ́gbọ́n fi B6 sínú nǹkan mìíràn: sínú hóró magnesium, sínú ohun mímu tó ń fúnni lágbára, sínú suwíìtì fítámínì. Ẹni tó ń lo mẹ́ta pọ̀ lè ti kọjá òdiwọ̀n láìmọ̀. Ẹ ka ara páálí rẹ̀.

Igi kan wà tó ń hù ní àyíká òkun Mẹditaréníà, Vitex agnus-castus, tí wọ́n ń lo èso rẹ̀. Òun ni baba nínú àwọn egbòogi tí wọ́n ń tà fún PMS. Nínú ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó jáde nínú British Medical Journal lọ́dún 2001, obìnrin 170 ló kópa. Ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó ni ara wọn fi ìlàjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ̀, nígbà tí ti àwọn olófìfo jẹ́ ìdá 24. Nọ́ńbà tó wuyì nìyẹn. Àmọ́ àwọn tó padà yẹ gbogbo ìdánwò orí rẹ̀ wò ní ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní àléébù, ó sì jọ pé àwọn èsì tí kò dára ni wọn kò gbé jáde. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìgò kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, bí orúkọ ara wọn tilẹ̀ bára mu. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń wá oyún, ẹni tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, àti ẹni tó ń lo oògùn fún àìsàn ọpọlọ tàbí fún ọwọ́ gbígbọ̀n kò gbọdọ̀ dá a lò.

Òróró evening primrose, tí wọ́n ń fún láti inú hóró òdòdó kan? Ó gbajúmọ̀ púpọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan lọ́wọ́. Àwọn ìdánwò tó dára lórí PMS kò rí i pé ó ju òfìfo lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn fún ọyàn dídùn àti àìsàn ara yíyún, wọ́n gba ìwé àṣẹ náà padà lọ́dún 2002 torí pé ẹ̀rí kò tó.

Magnesium, èròjà oúnjẹ mìíràn bíi calcium, ní ìdánwò kéékèèké tí èsì wọn kò dọ́gba. Saffron, èròjà ìsebẹ̀ kan tí wọ́n ń rí lára òdòdó, ní díẹ̀ tó dáa láti orílẹ̀-èdè Iran, àwọn obìnrin tó kópa kò sì pọ̀. Mi ò ní tako ẹni tó bá dán èyíkéyìí nínú méjèèjì wò níwọ̀nba.

St John's wort ni mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún, àyàfi tí dókítà bá mọ̀ sí i. Ewéko ni lóòótọ́, òdòdó rẹ̀ sì rẹwà. Àmọ́ ó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára da àwọn oògùn mìíràn nù kúrò lára. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lè má ṣiṣẹ́ mọ́, kí obìnrin sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóyún. Oògùn kòkòrò HIV lè má tó mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá sì lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, serotonin lè pọ̀ dé ìwọ̀n tó léwu. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ohun tó ti inú ilẹ̀ jáde kò lè pani lára, ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n ń fi tábà ṣe.

Ohun tí a kì í rà

Eré ìdárayá kò ní ìgò, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi ní ìpolówó. Rírìn kíákíá, wíwẹ̀ lódò, gígun kẹ̀kẹ́, ijó jíjó: ọ̀pọ̀ ìdánwò lórí wọn fi hàn pé wọ́n ń dín ìrora àti ìdààmú ọkàn kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìdánwò náà kéré. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo àgbàlagbà máa ṣe, ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀, jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Jálẹ̀ oṣù ni kí ẹ ṣe é. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí ikùn ti wú, tí ara ti wúwo, kò ní lè dìde.

Ní ti kọfí, ìmọ̀ràn àtijọ́ ni pé kí obìnrin jáwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láàárín àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò rí i pé àwọn tó ń mu kọfí ní PMS ju àwọn tí kì í mu ún lọ. Bí kọfí bá ń dá oorun yín dúró tàbí tó ń mú kí àyà yín máa lù kìkì, ìyẹn yàtọ̀, ẹ dín in kù. Sìgá àti ọtí ní tiwọn máa ń bá PMS rìn nínú ìwádìí. Dídín iyọ̀ kù kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ̀rí pé ó ń mú ikùn walẹ̀ ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Oorun ṣe kókó, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹni tí kò sùn bá ń kanra, ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ ti PMS nínú rẹ̀?

Ìtọ́jú kan wà tí kì í ṣe hóró, tí kì í sì í ṣe ewé, tó yẹ kí a mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: jíjókòó pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọkàn láti kọ́ bí a ṣe ń dá èrò òdì mọ̀ kó tó di ìjà tàbí ẹkún, èyí tí wọ́n ń pè ní CBT. Nínú ìdánwò kan tó jáde lọ́dún 2002 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi í wé fluoxetine, ọ̀kan lára àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Fluoxetine ló kọ́kọ́ yára ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọn kò ju ara wọn lọ mọ́. Nígbà tí wọ́n padà yẹ àwọn obìnrin náà wò ní ọdún kan, àwọn tó kọ́ CBT ni àǹfààní tiwọn dúró pẹ́ jù. Nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú obìnrin ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ìparí ọdún 2023, CBT, eré ìdárayá àti calcium wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn oògùn.

Bí ẹ bá fẹ́ dán nǹkan wò, ẹ mú ẹyọ kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ calcium, tíì, B6 àti sáré àárọ̀ lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó ṣe é lóore, yóò sì máa ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ẹ fún ohun kan ní oṣù mẹ́ta, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ti ń kọ tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá fi nọ́ńbà oṣù kẹta wé ti kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ mú òmíràn. Bí ẹ bá ń lo oògùn kankan fún àìsàn mìíràn, ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ ohun tuntun náà han apòògùn.

Ibi tí ewé àti fítámínì kò dé

Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ń polówó kì í sọ. Àwọn obìnrin kan wà, wọn kò pọ̀, tí tiwọn kọjá ìkanra. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí nǹkan oṣù tó dé, ayé á sú wọn, wọn kò ní lè ṣiṣẹ́, ilé á dàrú, àwọn mìíràn á máa ronú láti pa ara wọn. Premenstrual dysphoric disorder ni orúkọ rẹ̀, PMDD. Ọdún 2013 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kà á sí àìsàn tó dá dúró nínú ìwé ìlànà wọn. Ó sì wà nínú àkójọ orúkọ àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022.

Calcium nìkan kò lè gbé irú ẹrù yìí. Àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń ṣiṣẹ́ lórí serotonin ló ní ẹ̀rí jù fún un, wọ́n sì ń ṣe ohun kan níbí tí wọn kì í ṣe níbòmíràn. Ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lásán á lò wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó rí ìyàtọ̀. Ẹni tó ní PMDD lè rí i láàárín ọjọ́ mélòó kan, débi pé àwọn obìnrin kan ń lò ó ní kìkì ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú nǹkan oṣù, tí wọ́n á sì dá a dúró bó bá ti dé. Àwọn irú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan náà wà tó ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Fún àwọn tí gbogbo èyí kò bá sàn fún, oògùn tó ń dá iṣẹ́ ilé ẹyin dúró wà lọ́wọ́ àwọn dókítà àgbà.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró láti lọ ni pé bí wọ́n bá fi máa rí dókítà, ara ti balẹ̀, wọ́n á sì ní "ó ti lọ, ẹ má ṣèyọnu". Ẹ lọ bẹ́ẹ̀ náà, kí ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ oṣù méjì yẹn dání, torí òun ni yóò sọ ohun tí ojú yín kò ní lè fi hàn lọ́jọ́ náà. Bó bá sì jẹ́ pé èrò láti pa ara yín ti ń wá, ẹ má ṣe dúró kọ ìwé kankan. Ẹ sọ fún ẹni tó wà nítòsí yín, kí ẹ sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.